Orí kí ni ọmọ yóò máa sùn? Ìfiwéra ibùsùn ìkókó fún aboyún tó ti wọ oṣù méje l'Ékìtì

Tí oyún bá ti pé ọ̀sẹ̀ 28, ìmọ̀ràn kì í wọ́n aboyún mọ́. Ìyá ọkọ á ní kí wọ́n tún yàrá kùn, ọ̀rẹ́ á fi fọ́tò yàrá ọmọ tó rí lórí Instagram ránṣẹ́, ẹni tó ń ta ẹrù ọmọ l'Ọ́jà Ọba ní Adó á sì búra pé ìrọ̀rí mẹ́ta àti búláńkẹ́ẹ̀tì onírun ni ọmọ fi ń sùn dáadáa. Lójú tèmi, ohun kan ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ yanjú nínú ilé láàárín oṣù tó kù yìí: orí kí ni ọmọ yóò máa sùn? Ìkókó ń sùn tó wákàtí 14 sí 17 nínú ọjọ́ kan, kò sì mọ̀ bóyá ògiri pupa ni tàbí funfun.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú yàrá kan àti pálọ̀, ẹ má dá ara yín lẹ́bi pé ẹ ò ní yàrá ọmọ. Àwọn dókítà ọmọdé gan-an ló ń sọ pé kí ọmọ wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ìyá rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ó kéré tán, àmọ́ kó ní ibi tirẹ̀ tó ń sùn sí. Yàrá kan náà, ibùsùn ọ̀tọ̀. Orí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé gbogbo ìfiwéra yìí kà.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni èémí ọmọ. Tí nǹkan bá dí ìkókó nímú, kò lágbára àtigbé orí kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, ohun tó le tó sì tẹ́jú ló dáa fún un: fóòmù tó jẹ́ pé tí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, tí ẹ sì gbé ọwọ́ kúrò, ojú ọwọ́ yín kò ní í hàn lórí rẹ̀. Kò sí ìrọ̀rí níbẹ̀, kò sí ọmọlangidi, kò sì sí aṣọ wúwúwú tí wọ́n fi ń yí etí bẹ́ẹ̀dì po. Ẹ̀yìn ni kí ọmọ fi lélẹ̀, lọ́sàn-án àti lóru. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa máa ń da ọmọ dojú bolẹ̀ kó má baà máa ta gìrì, kí orí rẹ̀ sì lè rí roboto. Àmọ́ láti 1994, tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìpolongo ní Amẹ́ríkà pé ẹ̀yìn ni kí ọmọ máa fi sùn, iye ọmọ tó ń ṣàdédé kú lójú oorun níbẹ̀ fi bí ìdajì dín kù. Tí Màámi bá fajú ro, ẹ sọ pé nọ́ọ̀sì ló pàṣẹ.

Èkejì ni ẹ̀fọn. Ibùsùn tí àwọ̀n ẹ̀fọn kò bá ṣeé ta bò dáadáa kò bá ilé wa mu, ohun yòówù kó lẹ́wà tó. Ẹ̀kẹta ni ara ìyá: ẹni tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún kò ní í lè máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní gbogbo wákàtí méjì lóru. Lẹ́yìn ìyẹn ni àyè, lẹ́yìn àyè ni owó. Mo fi owó sẹ́yìn nítorí pé iye ọjà kò dúró lójú kan. Èyí tí mo bá kọ lónìí lè ti di ìtàn kí ẹ tó dé ọjà. Èyí tó wọ́n ju èyí lọ ni mo lè sọ, àti èyí tí ẹ lè tà tàbí kí ẹ gbé fún àbúrò tí ọmọ bá ti dàgbà kúrò nínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀dì ìyá àti bàbá

Kò ná yín ní kọ́bọ̀, orí rẹ̀ sì ni wọ́n ti tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Ọyàn wà nítòsí, ìyá kò ní í dìde wá iná lóru. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bẹ́ẹ̀dì tí àgbàlagbà méjì ti ń sùn lé láti ọdún pípẹ́ ti rì láàárín, ibi tó rì yẹn sì ni ọmọ á máa yí lọ. Búláńkẹ́ẹ̀tì wà lórí rẹ̀, ìrọ̀rí wà lórí rẹ̀, apá ọkọ tó wúwo náà wà lórí rẹ̀.

Ewu yìí pọ̀ sí i tí ọmọ kò bá tíì pé oṣù mẹ́rin, tí oṣù rẹ̀ kò pé kí wọ́n tó bí i tàbí tó kéré nígbà tí wọ́n bí i, tí ẹnì kan lórí bẹ́ẹ̀dì náà bá ń mu sìgá, tó mutí, tàbí tó lo oògùn tó ń múni sùn. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa, ẹmu kì í ṣe ohun tó ṣòro rí l'Ékìtì nírọ̀lẹ́. Ọkọ tó bá ti ìdí ẹmu bọ̀, pálọ̀ ni kó sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sì gbọ́dọ̀ dìjà.

Síbẹ̀, abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́yàn ní aago mẹ́ta òru lè sùn lọ láìmọ̀. Tí irú ẹ̀ bá máa ṣẹlẹ̀, ó sàn kó ṣẹlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tí ẹ ti kó ìrọ̀rí àti búláńkẹ́ẹ̀tì kúrò lórí rẹ̀ ju orí àga kùṣíǹnì lọ. Nínú gbogbo ibi tí ọmọ lè sùn sí nínú ilé, àga kùṣíǹnì ló burú jù. Nítorí náà, ibi tí ẹ ti ń fọ́mọ lọ́yàn ni kí ẹ ka bẹ́ẹ̀dì yín sí. Tó bá ti jẹun tán, ẹ gbé e padà sí àyè tirẹ̀.

Fóòmù lórí ẹní, nílẹ̀

Èyí ló rọjú jù nínú ohun tí ẹ máa fi owó rà. Ẹ lọ bá àwọn tó ń ṣe àga kùṣíǹnì, kí wọ́n gé fóòmù tó le fún yín, kí wọ́n rán rọ́bà bò ó kí ìtọ̀ má baà wọlé. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn máa ń kọ mákíńtọ́ọ̀ṣì, ìyẹn rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, sínú ìwé ẹrù ìbímọ. Èyí tó bá ṣẹ́kù lára rẹ̀ náà wúlò níbí. Ọmọ ò lè já bọ́ láti ilẹ̀, fóòmù pẹlẹbẹ sì dáa fún èémí. Tí ìyá náà bá tẹ́ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọ̀n ńlá kan ṣoṣo tó ti òkè wá lè bo àwọn méjèèjì.

Àmọ́ ilẹ̀ ni ilẹ̀ ń jẹ́. Ìjàlọ máa ń ya wọlé nígbà òjò, èkúté sì wà nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́. Sìmẹ́ǹtì máa ń tutù nígbà ọyẹ́, pàápàá lápá Ẹ̀fọ̀n Aláayè àti Òkèmẹsí tí òkè yí ká. Ohun tí wọn kì í sọ fún yín ni pé omi máa ń pọ̀ lábẹ́ fóòmù tó bá sùn sílẹ̀. Ẹ gbé e sókè láàárọ̀, ẹ á rí i pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù rinrin. Tí ẹ ò bá máa gbé e dúró kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, á bu, á sì máa rùn. Ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún kò sì gbọ́dọ̀ dán ti ilẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Bẹ́ẹ̀dì tí káfíńtà kàn

Tí wọ́n bá ní kí n yan fún ọ̀pọ̀ ìdílé l'Ékìtì, èyí ni màá yàn, àmọ́ kì í ṣe bí káfíńtà ṣe máa ń fẹ́ ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí igi. Igi kò jìnnà sí wa, torí náà ẹ lè mú èyí tí ẹ fẹ́. Arère fúyẹ́, owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, àmọ́ kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀. Àfàrà wà láàárín. Ìrókò á tọ́ ọmọ yín, á tọ́ ọmọ àbúrò yín, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, ó sì wúwo débi pé ẹ ò ní í lè dá sún un láti gbálẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, kó ti gbẹ. Pákó tútù á wọ́ tó bá gbẹ tán nínú ilé, oríkèé rẹ̀ á là, ìṣó á sì máa yọrí jáde níbi tí ọwọ́ ọmọ wà.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́kọ́ ra fóòmù kí ẹ tó lọ bá káfíńtà, kí ẹ sì gbé e dání lọ. Ọ̀pọ̀ máa ń kan bẹ́ẹ̀dì tán kí wọ́n tó wá fóòmù tó máa wọ inú rẹ̀, ìyẹn ni àlàfo ṣe máa ń wà létí. Tí ìka méjì bá lè wọ àárín fóòmù àti igi, tí àyè sì tún ṣẹ́kù, àlàfo yẹn ti tó láti há ojú ọmọ mọ́. Àárín ọ̀pá kan sí èkejì kò gbọ́dọ̀ ju 6 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n níwájú káfíńtà, ẹ má gba “ó máa rí bẹ́ẹ̀”. Tó bá fẹ̀ jù, ara ọmọ á gba ibẹ̀ kọjá, orí á sì há.

Káfíńtà á ní kí ẹ jẹ́ kí òun gbẹ́ ọkàn tàbí òdòdó sí apá orí bẹ́ẹ̀dì, kí òun fi bọ́ọ̀lù igi sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sì ní rárá. Ihò ọkàn yẹn lè há orí tàbí apá, bọ́ọ̀lù igi sì máa ń fi aṣọ kọ́ ọmọ lọ́rùn tó bá ti ń dìde dúró. Bákan náà ni ẹ̀gbẹ́ tó ń lọ sókè sódò. Ó wu ojú, àmọ́ kí gbogbo ẹ̀gbẹ́ dúró gbọn-in. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Ohun tí mo fẹ́ kí ó ṣe sí i ni ipele méjì fún pákó tí fóòmù ń jókòó lé. Ipele òkè wà fún oṣù àkọ́kọ́, kí ìyá má baà máa tẹ̀ ẹ̀yìn. Ipele ìsàlẹ̀ wà fún ìgbà tí ọmọ bá ti ń gbìyànjú àtijókòó. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì ni kó fi dè é, kì í ṣe ìṣó, kí ẹ lè tú u tí ẹ bá ń kó lọ sílé míì. Tó bá ti fi sáńpépà ra á tán, ẹ mú ìborùn síífọ́ọ̀nù, ẹ fi nu gbogbo ara igi náà. Ibi tí aṣọ bá ti kọ́, kó tún un ra.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà ló kù. Ọmọ tó ń hu eyín á máa gé etí bẹ́ẹ̀dì jẹ, òjé sì wà nínú àwọn ọ̀dà kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí kò léwu fún ọmọdé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi èyí tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n kun géètì kùn ún. Fáńíìṣì náà ní òórùn tó ń pẹ́ kó tó lọ, ó sì yẹ kí bẹ́ẹ̀dì náà ti gba atẹ́gùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ọmọ tó wọ inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ lọ bá káfíńtà ní ọ̀sẹ̀ 28 sí 30, kí ẹ san ìdajì owó, kí ẹ sì fi sọ́kàn pé “ọ̀la” káfíńtà kì í ṣe ọ̀la tí kàlẹ́ńdà mọ̀. Tó bá wọlé ní ọ̀sẹ̀ 36, ẹ ti ṣe é dáadáa.

Àwọn ìdílé kan kì í fẹ́ kí ẹrù ọmọ wọlé kí ọmọ tó dé. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ẹ jẹ́ kó wà ní ilé àǹtí tàbí àbúrò títí ẹ óo fi bí, ibẹ̀ náà ló ti máa gba atẹ́gùn. Ní ti owó, ó ju fóòmù ilẹ̀ lọ dáadáa, àmọ́ kò sábà tó èyí tuntun tó ti òkè òkun wá, ó sì ṣeé tà.

Bẹ́ẹ̀dì tòkunbọ̀

Ó rẹwà, ó rọjú ju tuntun lọ, ẹni tó ń tà á á sì ní “original” ni. Ẹ rántí èyí: láti oṣù kẹfà 2011 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fòfin de bẹ́ẹ̀dì ọmọ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń lọ sókè sódò, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ yẹn máa ń yọ, ọmọ á há sí àárín rẹ̀ àti fóòmù, á sì kú. Ní 2022 ni wọ́n tún fòfin de àga ìsùn ìkókó tó dagun àti aṣọ wúwúwú tí wọ́n ń so mọ́ etí bẹ́ẹ̀dì. Ohun tí wọ́n ti kọ̀ níbẹ̀ lè wà nínú kọ̀ǹténà tó ń bọ̀ wá síbí, ẹni tó sì ń tà á fún yín lè má mọ̀ rárá.

Ẹ wá lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é sí. Tó bá ti ṣáájú ìlàjì 2011, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ kọjá lọ. Ẹ dì í mú níbi orí, ẹ mì í tagbáratagbára; tó bá ń ké, bóòtù kan lè ti sọnù, èyí tí wọ́n bá sì rà dípò rẹ̀ kì í sábà bá ihò mu. Fóòmù inú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ fún wọn, ẹ ra tuntun. Tí ẹ bá ro owó fóòmù tuntun àti ọkọ̀ láti Èkó mọ́ ọn, ó lè sún mọ́ iye tí káfíńtà máa gbà.

Bẹ́ẹ̀dì aláwọ̀n tó ń ká

Irin àti aṣọ ni wọ́n fi ṣe é, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀n tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Ní òru tí kò síná tí fáànù sì dákẹ́, ọmọ inú rẹ̀ kì í gbóná tó ti ẹlòmíì. Òmíràn ní ibi ìsùn òkè tó wà ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀dì ìyá, ìtura ńlá sì nìyẹn fún ẹni tí ojú abẹ rẹ̀ kò tíì jinná. Ó tún dáa fún ẹni tó ń ṣe Adó lọ́sẹ̀ yìí, tó ń ṣe Èkó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀. Tuntun rẹ̀ wọ́n. Pẹlẹbẹ tó bá a wá máa ń fẹ́lẹ́, Màámi á sì ní kí ẹ fi fóòmù kún un: ẹ má ṣe é, nítorí àlàfo á wà láàárín fóòmù kejì àti àwọ̀n. Ibi ìsùn òkè yẹn ní ìwọ̀n tó lè gbé, wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀. Tí ọmọ bá ti ń yí ara padà, ẹ gbé e sísàlẹ̀.

Apẹ̀rẹ̀ àti àwọ̀n agboòrùn

Ẹnì kan á kúkú fi apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń tẹ́ ìkókó sí ta yín lọ́rẹ. Ó dáa fún ọ̀sán tí ojú yín wà lára ọmọ. Lóru, ó rọ̀ jù, ìrọ̀rí ló sì máa ń bá a wá. Àwọ̀n kékeré tó ń ṣí bí agboòrùn náà sún mọ́ ara ọmọ débi pé ẹ̀fọn lè ti ìta gé e ní apá.

Ohun tí ẹ máa ṣe, ibùsùn yòówù kó jẹ́

Àwọ̀n ẹ̀fọn olóògùn: ẹ bèèrè níbi tí ẹ ti ń gbàwòsàn aboyún. Tó bá jẹ́ tuntun, ẹ ta á sí abẹ́ ibòòji fún wákàtí 24 kí ẹ tó lò ó. Oòrùn kì í bá oògùn inú rẹ̀ rẹ́. Ẹlòmíì ni kó gun àga láti fi so ó mọ́ òkè. Ikùn tó ti wúwo máa ń yí ìdúró ẹni padà, aboyún oṣù mẹ́jọ kò sì ní ohun tó ń wá lórí àga.

Káńfọ̀ ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù. Aṣọ ọmọ tí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́, tó ti wà nínú àpótí pẹ̀lú káńfọ̀ láti ọdún yìí wá, léwu fún ìkókó kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni èròjà ara tí wọ́n ń pè ní G6PD kò tó lára wọn, òórùn káńfọ̀ sì lè ba ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jẹ́, kí ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni tó ní ibà pọ́njú, kó sì ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ tí wọn ò bá tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ ò lè mọ ọmọ tí èròjà yìí kò tó lára rẹ̀ kí ẹ tó bí i. Ẹ kó gbogbo káńfọ̀ kúrò nínú yàrá, kúrò nínú àpótí aṣọ yín pẹ̀lú. Aṣọ tó bá ti gba òórùn rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a títí òórùn á fi tán pátápátá. Èyí tí kò bá tán, ẹ fi ṣe àkísà.

Ọyẹ́ ńkọ́? Kí aṣọ ọmọ fi ẹyọ kan ju iye tí ẹ̀yin fúnra yín wọ̀ lọ, ó ti tó. Ẹ bọ́ fìlà lórí rẹ̀ tó bá ń sùn nínú ilé. Ẹ má gbé ìkòkò èédú wọ yàrá, ẹ má sì tan jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀: afẹ́fẹ́ tó ń pani nínú èéfín wọn kò ní òórùn.

Ta ló máa mú èwo?

Yàrá kan, owó kò pọ̀, ilẹ̀ gbẹ, ilé kò sì ní èkúté: fóòmù lórí ẹní, ẹ má tijú. Tí ilé bá jẹ́ ti àtijọ́ tàbí tí òjò bá ń jò wọ̀ ọ́, ẹ yá owó káfíńtà, kódà kó jẹ́ igi arère.

Ẹni tó ń bí àkọ́bí, tó sì ń retí àwọn àbúrò rẹ̀: káfíńtà, láìsí àríyànjiyàn. Ẹni tí dókítà ti sọ fún pé iṣẹ́ abẹ ni: bẹ́ẹ̀dì káfíńtà tí ipele òkè rẹ̀ ga dáadáa, tàbí aláwọ̀n tó ní ibi ìsùn òkè, kó sì wà ní ẹ̀gbẹ́ tí ìyá ń sùn sí. Òṣìṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ wà ní Èkó, tó ń lọ tó ń bọ̀: aláwọ̀n tó ń ká. Tòkunbọ̀ wà fún ẹni tó mọ irin àti igi dunjú, tàbí tó lè mú ẹni tó mọ̀ ọ́n dání lọ sọ́jà. Ẹni tó bá wù ú pé kí ó ní yàrá ọmọ tí wọ́n kùn dáadáa, kó kùn ún. Àmọ́ ẹlòmíì ni kó kùn ún, kó ti gbẹ tipẹ́tipẹ́ kí ìyá tó wọlé, kí wọ́n sì gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ sí yàrá tiwọn títí oṣù mẹ́fà á fi pé.

Tó bá jẹ́ ìbejì ni ẹ̀rọ rí, ibùsùn méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan tó fẹ̀. Ìbejì sábà máa ń dé ṣáájú ìgbà, nítorí náà kí ohun gbogbo ti wà nílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 34. Kí ẹ sì sọ fún káfíńtà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé méjì ni, kó lè la pákó méjèèjì lára igi kan náà, kó sì bá yín dín owó.